Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Gbọ́ Ohùn Yín

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí a ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, Kánò, Jọ́ọ̀sì àti àwọn ìlú mìíràn ní Òkè Ọya ni ó ti fi ọmọ ránṣẹ́ sílé, sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀fà, nígbà tí ọmọ náà fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ déédéé, aṣọ ọdún kì í sì í pẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ láàárín òbí àti ọmọ a máa dínkù láti oṣù dé oṣù, títí yóò fi ku àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú: "Owó ti wọlé. Kàwé rẹ." Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ìwádìí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti fi hàn pé ó kan ọpọlọ ọmọ, ó sì kan ọkàn tí ń lù ní àyà rẹ̀.

Ní ọdún 2010, Leslie Seltzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà kó ọmọbìnrin 61 jọ, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 7 sí 12. Wọ́n ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ̀rọ̀, kí ó sì ṣe ìṣirò, níwájú àwọn tí kò mọ̀ rí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró rí níwájú àwọn tí ń gbani síṣẹ́ mọ bí ó ti máa ń rí: àyà a máa lù kìkì, àtẹ́lẹwọ́ a máa làágùn, oje ara kan tí à ń pè ní kọ́tísọ́ọ̀lù a sì pọ̀ lójijì. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò burú; ṣùgbọ́n bí kò bá wálẹ̀ mọ́, ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ó máa ń jìyà rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ìyá àwọn kan wá dì wọ́n mọ́ra, àwọn kan bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, àwọn ìyókù sì wo sinimá. Ohùn ìyá lórí tẹlifóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe gbogbo ohun tí ìdìmọ́ra ṣe: kọ́tísọ́ọ̀lù wálẹ̀, ara sì balẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ìwádìí náà ṣe ní 2012, wọ́n fi àwọn tí ìyá wọn kàn tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí kún un. Kọ́tísọ́ọ̀lù àwọn wọ̀nyí ga gẹ́gẹ́ bí ti àwọn tí kò gbúròó ìyá wọn rárá.

Ẹnìkan lè wí pé ọmọ kékeré ni ìwọ̀nyẹn. Òótọ́ ni, ti ọ̀dọ́langba le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Daniel Abrams àti Vinod Menon ní Yunifásítì Stanford fi hàn ní 2022 pé ohùn ìyá ni ó ń ru ibi ìdùnnú sókè nínú ọpọlọ ọmọ tí kò ju ọdún 12 lọ, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 13, ohùn àjèjì a bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò náà. Ọmọ kò gbàgbé ohùn ìyá rẹ̀. Ó ń múra àtijáde sáyé ni. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó kọ etí ikún sí òbí ni ó ti bàjẹ́.

Ìgbà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ìbáwí. Ní 2015, Kyung Hwa Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ọ̀dọ́ 32 gbọ́ ohùn ìyá tiwọn tí a gbà sílẹ̀, tí ó ń bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Apá ọpọlọ tí ìbínú àti ìbànújẹ́ ti ń wá gbóná. Èyí tí ènìyàn fi ń kó ara rẹ̀ ní ìjánu, àti èyí tí ó fi ń lóye èrò ẹlòmíràn, rẹ̀ sílẹ̀. Èyí ni pé nígbà tí a bá ń jágbe mọ́ ọmọ pé "Ṣé o kò lè ronú ni?", àwa gan-an ni a ń dí ìrònú náà lọ́wọ́.

A kò wí pé kí òbí má bá ọmọ wí. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń ki ọmọ ní oríkì ní òwúrọ̀ kò dúró de ìwádìí kankan, wọ́n sì mọ ìbáwí í ṣe. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, bí owó ìpè bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ má ṣe jẹ́ ti èsì ìdánwò. Kí a béèrè ẹni tí ọmọ ń bá ṣeré, kí a sì dákẹ́ gbọ́ ìdáhùn. Kí a bẹ ìyá àgbà pẹ̀lú pé kí ó gbé tẹlifóònù lé ọmọ náà lọ́wọ́, kí ó má kàn dá wa lóhùn pé ara rẹ̀ le.