Báwo ni Èkó ṣe jìnnà sí wa tó?

Bí a bá ti gbé àwòrán ilẹ̀ ayé kọ́ ara ògiri kíláàsì, ìbéèrè àwọn ọmọ kì í pẹ́ dé: "Tíṣà, ṣé Èkó jìnnà?" Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ká tó dáhùn.

Bí a bá fa okùn tààrà láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó, yóò tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Bàálù tí kò dúró lọ́nà ń lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Ó sábà máa ń gba orí Faransé, Òkun Mẹditaréníà àti aṣálẹ̀ Sàhárà kó tó wọ Nàìjíríà. Nígbà tí Niger ti òfuurufú rẹ̀ pa lẹ́yìn ìdìtẹ̀-gbàjọba ọdún 2023, ọ̀pọ̀ bàálù ní láti yípo, ìrìnàjò sì gùn sí i.

Ní ayé àwọn tó kọ́kọ́ wá síbí, ọkọ̀ ojú omi ni. Aureol, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Elder Dempster tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ń lo nǹkan bí ọjọ́ 13 láti Liverpool dé Èkó. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣírò rẹ̀: ọjọ́ 13 jẹ́ wákàtí 312. Ẹ fi 6.5 pín in, ẹ ó rí 48. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà ti kúrú!

Aago pàápàá kò yà wá. New York fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn wa, ṣùgbọ́n gúúsù wa ni Èkó wà. Láti ìparí oṣù Kẹta dé ìparí oṣù Kẹwàá, aago kan náà ni wá. Nígbà òtútù, wákàtí kan péré ni wọ́n fi ṣíwájú.

Kí ló wá mú un jìn? Owó ọkọ̀ ni. Ẹni tó bí ọmọ mẹ́ta, tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ń lọ, tíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún ni yóò rà, nígbà ìsinmi tí owó rẹ̀ máa ń gbówó lórí. N kò lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n jíjìn kan wà tí owó kò lè gé kúrú. Ọmọ dé Ìbàdàn, Màmá àgbà ní, "Káàbọ̀, ọkọ mi, ṣé àlàáfíà lo dé?" Ọmọ wá ń wo ojú ìyá rẹ̀ pé kó túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ọmọ yẹn ti fò kọjá aṣálẹ̀, kò sì tíì délé.

Iṣẹ́ àmúrelé ọ̀sẹ̀ yìí nìyí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ iye wákàtí tí ẹ ó lò láti ẹnu ọ̀nà yín dé ẹnu ọ̀nà Màmá: ọkọ̀ ojú irin láti Barking dé Whitechapel, Whitechapel dé Heathrow, bàálù, àti mọ́tò láti Ìkẹjà. Lẹ́yìn náà, ẹ pè wọ́n lórí fóònù: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mà. Ṣé ara yín le? Kí lẹ jẹ lónìí?"

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ń wá ọ̀rọ̀, ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá yóò dúró dè é.