Ẹ má jẹ́ kí Òkè Ìdànrè di ohun ìgbàgbé

Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ní Ìwáyà ló lè dárúkọ Everest tó wà ní Himalaya. Ta ló sọ ti Òkè Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, fún wọn?

Orí òkè yìí làwọn ará Ìdànrè gbé títí di 1923. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lèèyàn ń gùn débẹ̀. Ìtàn ní ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn tó wà lára àpáta máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn mu, àfi ti àjẹ́.

Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo wọ ìwé ogún àgbáyé UNESCO ní 2005. Láti 2007 ni Ìdànrè ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí ìjọba tètè ṣe tirẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ sọ ìtàn náà fọ́mọ kí ó tó parun. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.