Lẹ́yìn Ọjọ́ Kẹrìndínlọ́gọ́ta

Àwa mẹ́ta ni a jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ìwé yìí: ètò eré ìdárayá ọ̀sẹ̀ 8 tí ènìyàn ń ṣe nínú ilé ara rẹ̀, láìgbé irin, láìsan owó, pẹ̀lú ẹní kan àti fóònù tí a gbé ti ògiri. A kì í ṣe ọmọdé mọ́. Èyí tí ó kéré jù nínú wa ti ní ọmọ tí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ̀gbọ́n wa tí ó dàgbà jù sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti wà lórí ẹní: a lóṣòó, a dìde, a dọ̀bálẹ̀, a fi apá gbé ara sókè, a fò, a ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn ọmọ ilé fi wá ṣe ẹlẹ́yà ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn náà ti tẹ́ ẹní tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ tiwa. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gọ́ta, fóònù kí wa kú oríire, ó sì dákẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tí ó jí. A ní ara ń fẹ́ ìsinmi, òótọ́ sì ni. Ìsinmi ọjọ́ kan di ti ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ di oṣù. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó sọ pé òun kò ṣe mọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé a ń wá ètò mìíràn tí yóò dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àkókò tí a fi wá a kiri ìbá tó láti fi ṣe gbogbo ti àkọ́kọ́ ní àṣetúnṣe.

Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà tí ayẹyẹ kan gbé wa lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá mọ ìlú náà mọ àwọn òkè olókùúta rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ilé tí a wọ̀ sí ní kí a jọ gun ọ̀kan kí oòrùn tó mú. Inú wa dùn. Ṣebí àwa ni a parí ọjọ́ 56? A kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí èémí fi tán. A jókòó lórí àpáta, a ń ṣe bí ẹni tí ń wo ìlú. Ọmọbìnrin kékeré kan kọjá lára wa pẹ̀lú igi ìdáná lórí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Ìtìjú ni a fi dá a lóhùn.

Ohun tí ó ṣe wá kò ṣàjèjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 tí ènìyàn bá ti dá eré dúró, ti ọkàn àti èémí ni ó kọ́kọ́ ń dínkù. Omi inú ẹ̀jẹ̀ a máa dín, ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan a kéré sí i, ọkàn yóò sì ní láti yára lù kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Agbára iṣan ń pẹ́ díẹ̀ sí i kí ó tó lọ. Ìdí nìyí tí apá wa ṣì fi ń gbé garawa omi láìwárìrì, tí èémí sì já wa kulẹ̀ lórí òkè.

Ẹ̀gbọ́n wa ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Nígbà tí ètò náà parí, nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó ti wálẹ̀, kí wọ́n máa bá ohun tí wọ́n ń ṣe lọ. Nígbà tí a ti Ṣábẹ̀ẹ́ dé, ó tún ti gòkè. Wọn kò pa oògùn jẹ ní ọjọ́ kan ṣoṣo (dókítà nìkan ni ó sì lè ní kí a dín irú oògùn bẹ́ẹ̀ kù). Eré ìdárayá nìkan ni a fi sílẹ̀.

Láti ìgbà náà ni a ti ń wádìí, ohun tí a rí sì tù wá nínú: owó tí a fi kọ́ ilé kọ́ ni a fi ń tún un ṣe. Ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Robert Hickson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ènìyàn kan jọ tí wọ́n sáré, tí wọ́n sì wa kẹ̀kẹ́ kíkankíkan, ìṣẹ́jú 40 lójúmọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 10. Lẹ́yìn náà, wọ́n dín ọjọ́ kù sí 4 fún àwọn kan, sí 2 fún àwọn mìíràn, fún ọ̀sẹ̀ 15. Agbára èémí tí wọ́n ti kó jọ kò lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí náà fi ọjọ́ àti ìṣẹ́jú sílẹ̀ bí ó ti wà, tí wọ́n wá dín bí iṣẹ́ náà ti le tó kù, agbára náà lọ. Ti iṣan kò jìnnà sí èyí. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2011 fi hàn pé àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti fi ọ̀sẹ̀ 16 gbé irin lè pa ohun tí wọ́n jèrè mọ́ pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀; àwọn tí ó wà láàárín ọdún 60 sí 75 nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ kí iṣan wọn má baà tún kéré.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà rẹ̀ ti 2020, ní kí àgbàlagbà fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe iṣẹ́ ara tí ó níwọ̀n, tàbí 75 sí 150 fún èyí tí ó le, kí ó sì tún ṣe ti iṣan ní ọjọ́ 2 ó kéré tán. Èyí tí ó níwọ̀n ni èyí tí ènìyàn lè máa sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin. Ìlànà náà kò sì béèrè mọ́ pé kí ó tó ìṣẹ́jú 10 léraléra kí a tó kà á. Ìrìn dé ọjà wà nínú rẹ̀, gígún iyán fún ènìyàn mẹ́wàá wà nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ń kọ ebè kò nílò ètò wa rárá. Àwa ará Àjàṣẹ́ tí a ń gun zémidjan lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé wa dé ní ìṣẹ́jú 10 ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Ẹ wo àwọn oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu. Igi gbígbẹ́ wà lórí, irin ń dún ní ọrùn ẹsẹ̀, aṣọ lórí aṣọ, ìlù ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Kò sí ẹni tí ó fún wọn ní ọjọ́ 56. Wọ́n mọ̀ pé onílù ń dúró dè wọ́n, pé àwọn ìyá ń wò. Lójú tiwa, èyí gan-an ni ó sọnù nígbà tí fóònù dákẹ́: kò sí ẹni tí ń dúró dè wá mọ́. Bí a bá tilẹ̀ rí ètò tuntun tí a ń wá kiri, òun náà yóò dákẹ́ ní ọjọ́ kan.

Nítorí náà, ohun tí a ń ṣe báyìí kéré. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ àti ti ọjọ́ Àìkú, a ń pàdé níwájú Mọ́ṣáláṣí Ńlá tí a kọ́ ní àrà àwọn Àgùdà, a sì ń rìn lọ sí etí ọ̀sà. Nígbà tí a bá ń bọ̀, níbi tí ọ̀nà ti ń gòkè, a ń yára títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, a ń tẹ́ ẹní fún ìlóṣòó àti ti apá. A kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a parí sí. Ẹni tí ó ti fi í sílẹ̀ ju oṣù kan lọ, kí ó padà sí ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin ètò rẹ̀, kí ó sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún Bac, ẹ má ṣe pa gbogbo rẹ̀ tì nítorí ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kúkúrú ṣùgbọ́n tí ó le, yóò gbé yín dé ìsinmi.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó kọjá, òjò ṣú. Àwa méjì tí a jẹ́ àbúrò ti gbà pé kò ní sí ìrìn, a sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wa lórí fóònù. Wọ́n dá wa lóhùn pé àwọn ti wà níwájú mọ́ṣáláṣí, kí a mú agbòjò lọ́wọ́ bọ̀.