Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Ìyá, Ìyá Wà Lọ́jà

Lẹ́tà ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan láti Ìbàdàn ni mo fẹ́ fèsì sí lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní òun ti ra àpótí fáàsì éèdì sílé, òun sì ti tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù kí àwọn ọmọ má baà fi ṣeré. Ó ní ṣé òun ṣe dáadáa?

Ìyá àwọn ọmọ, ẹ kú ìnáwó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Nílé tí mo gbé tẹ́lẹ̀, ìyá kan ní irú àpótí yìí, funfun báláú. Lọ́jọ́ Sátidé kan tó lọ sọ́jà, omi ẹ̀bà gbígbóná dà sí ọmọ rẹ̀ lápá. Igbe ta! Gbogbo ará ilé tú jáde. Wọ́n ní kí wọ́n gbé àpótí wá. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ìyá, ìyá wà lọ́jà. Lẹnì kan bá fọ́ ẹyin sí i, ẹlòmíràn gbé epo pupa dé, èmi tí mò ń kọ̀wé yìí náà sì mú ọṣẹ ìfọyín wá. Nígbà tí a dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì ní láti kọ́kọ́ fọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ọmọ ń ké. Ó wá bi wá pé ṣé kò sí omi nílé ni? Ojú tì mí. Dúrọ́ọ̀mù omi kún fọ́fọ́ lẹ́nu ọ̀nà wa! Àpá yẹn wà lápá ọmọ náà dòní.

Omi lásán tó tutù ni, kì í ṣe yìnyín o. Ẹ máa dà á sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ kúrò kí ọwọ́ tó wú, ṣùgbọ́n aṣọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má fà á. Ibi tó bá lé, tí omi wà nínú rẹ̀, ẹ má bẹ́ ẹ. Ẹ fi gọ́ọ̀sì tàbí ọ̀rá tó mọ́ bò ó, kí ẹ máa gbọ́mọ lọ.

Ní ti àpótí, ẹ tú èyí tí ẹ rà wò. Òmíràn wà tó jẹ́ pé pílásítà wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, kò sí ohun tó lè bo ojú egbò ńlá. Ike áíìsìkiriìmù tó ní ìdérí gan-an tó: gọ́ọ̀sì, báńdéèjì, pílásítà, sísọ́ọ̀sì, pín-ìnnì, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ọṣẹ. Ọṣẹ àti omi la fi ń fọ egbò. Sípíríìtì tí a ń dà sí i yẹn, ìrora lásán ni. Ẹ fi ORS náà sí i nítorí ìgbẹ́ gbuuru. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ ti lítà 1, ìyẹn píọ̀ wọ́tà oní-50cl méjì, ṣùgbọ́n ẹ ka ara rẹ̀ ná.

Òògùn ńkọ́? Ibẹ̀ ni ẹ̀rù yín ti tọ́. Parasitamọ́ọ̀ àti gbogbo oníhóró, òun ni kí ẹ tì pa. Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ báńdéèjì. Báńdéèjì kò pa ọmọ.

Bí ọmọ bá mu kẹrosíìnì, kò sí ohun tí àpótí lè ṣe sí i. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì jẹ́ kó bì í, kó má baà gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ọsibítù ni kíá. Ẹ kọ 112 sí ara ìdérí àpótí. Ní Èkó, 767 náà wà.

Ìyá àwọn ọmọ, ẹ gbé àpótí yẹn jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù lónìí. Ẹ gbé e kọ́ ibi tí ọwọ́ àgbà tó, kí ẹ sì fi han ọmọ ọ̀dọ̀ yín àti ìyá àgbà. Kí ẹ wá kọ̀wé sí mi padà o.