Oríire Ni Tàbí Ọwọ́ Ọlọ́run?

Nígbàkígbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bá péjọ, ẹnìkan kò ní ṣàì dìde láti jẹ́rìí pé ọwọ́ Ọlọ́run ni ó gbé òun dé ibi tí òun dé. A ó ṣe Àmín. Ẹ̀rí náà dára, àwa náà sì ti jẹ́ irú rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n bí a bá fetí sí i dáadáa, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní ìpèsè Ọlọ́run kò yàtọ̀ sí oríire tí àwọn baba wa ń bọ orí fún. Orúkọ nìkan ni a pa dà. Ọmọ yege nínú ìdánwò, ilé parí, físà jáde: Ọlọ́run ló ṣe é. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ ńkọ́?

A kò bá ọ̀rọ̀ náà gan-an jà. Àwa náà ń kí ènìyàn kú oríire. Jésù Olúwa fúnra Rẹ̀, nínú òwe ará Samáríà, sọ pé àlùfáà kan ṣe kòńgẹ́ ọkùnrin tí àwọn ọlọ́ṣà lù. (Pé àlùfáà ni, tí ó sì kọjá lọ, kì í jẹ́ kí ara rọ àwa oníwàásù.) Ohun tí a ń bá jà ni fífi ìgbádùn díwọ̀n ojúrere Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn Àjàyí Crowther, èyí tí a sábà máa ń sáré sọ. Wọ́n kó o ní Òṣoògùn ní 1821, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ àwọn Potogí tí ó wà nínú rẹ̀. Ibí ni a máa ń pàtẹ́wọ́ sí. Ṣùgbọ́n ìwé tí òun tìkára rẹ̀ kọ ní 1837 sọ pé nígbà tí wọ́n gbé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun wọ ọkọ̀ ogun náà, wọn kò rí àwọn tí a ti kó lọ ṣáájú wọn. Wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi kọ́, wọ́n rí ọta àgbá, wọ́n sì gbà pé ẹran ara àti orí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni. Ọmọ tí a ti gbà là jókòó láàrín ìgbàlà rẹ̀, ó ń retí ìgbà tí wọn yóò pa òun. Ta ni ìbá ní kí ó wá jẹ́rìí ní ọjọ́ náà?

Ìwé kan náà pe ọjọ́ tí wọ́n kó o ní ọjọ́ ìbànújẹ́, ó sì tún ní, lọ́nà mìíràn, òun ti kọ́ láti pè é ní ọjọ́ ìbùkún. Kò pa èkíní rẹ́ kí ó tó kọ èkejì. Ó sì tó nǹkan bí ọdún 16 kí ó tó lè kọ ọ́.

Ìbéèrè kan kù tí a kò gbọdọ̀ fò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni àwọn ọkọ̀ ogun náà kò rí mú. Àwọn tí ó wà nínú wọn, ọmọ Yorùbá bíi ti Àjàyí, gúnlẹ̀ sí Bàhíà àti Kúbà, ọ̀pọ̀ sì kú sínú oko ìrèké. Ṣé Ọlọ́run kò fẹ́ràn wọn tó Àjàyí ni? Ẹni tí ó gbà pé oríire ni gbogbo rẹ̀ yóò ní kádàrá wọn ni. Ẹni tí ń fi ìgbádùn díwọ̀n ojúrere yóò wá ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wọn lọ́rùn. Jésù ti dí ọ̀nà yìí nígbà tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa ènìyàn 18: ó ní wọn kò jẹ̀bi ju àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ. Ìdí tí ilé náà fi wó lù wọ́n, kò sọ. Àwa tí a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run kò kó ìdáhùn tí ó ju èyí lọ bọ̀ láti ibẹ̀. A gbàgbọ́ pé Ọlọ́run wà nínú ọkọ̀ tí a gbà, Ó sì wà nínú èyí tí a kò gbà. Oríire kò lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí kò ní ọ̀rọ̀ kankan fún ẹni tí ó pàdánù.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ni a ní sí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún. Nígbà tí ètò bá kan ìjẹ́rìí, ẹ má ṣe pe kìkì àwọn tí ọ̀nà là fún. Ẹnìkan wà nínú ẹgbẹ́ tiwa tí ó sin ọmọ, tí ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ̀ títí di òní. A kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí ní ìpàdé wa.