Ẹwà ife àtijọ́ nìkan kọ́ ló yẹ ká máa sọ

1/ Màmá mi rí ife gíláàsì tí mo rà ní ọjà àlòkù kan ní London, wọ́n pariwo: "Ṣé ife òkú lo wá ń kó wọlé báyìí?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jókòó, mo fẹ́ sọ̀rọ̀.

2/ Ife ọtí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ọdún 1700 sí 1800 ni mò ń kó jọ. Ní 1674, George Ravenscroft gba ìwé àṣẹ ọba lórí irú gíláàsì tuntun kan. Òjé tí wọ́n ń pò mọ́ ọn ló jẹ́ kó wúwo, kó máa dán. Tẹ́ ẹ bá fi èékánná ta á, á dún bí agogo.

3/ Ayédèrú pọ̀ o! Ẹ yí i dé, kẹ́ ẹ wo ìdí ẹ̀. Ojúlówó sábà máa ń ní àpá níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ kúrò lára ọ̀pá irin. Ìdí ẹ̀ sì máa ń fẹ̀ ju ẹnu ẹ̀ lọ.

4/ Èyí tó ń dùn mí kì í ṣe tèmi. Ó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Beacon ní Whitehaven. Ìdílé Beilby ní Newcastle ló kun ún ní 1763, nítorí ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ King George. Wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé kí òwò Áfíríkà ti Whitehaven yọrí sí rere. Òwò wo? Òwò ẹrú ni.

5/ Àwọn kan ní aláwọ̀ dúdú ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé. Tá a bá fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń wo ẹwà ẹ̀ nìkan, ẹwà nìkan ni wọ́n á máa sọ. Ẹni tó bá lè kọ ọjọ́ orí ife àti iye owó ẹ̀ síwájú ẹ̀, kó kọ ohun tí wọ́n fi í ṣe àdúrà fún náà.

6/ Tèmi ò ní àkọlé kankan. Lánàá, Màmá bi mí pé: "Ta ló fi mu ọtí? Kí ni wọ́n ń yọ̀ sí?" Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní: "Ó dáa, kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ò mọ̀."

Mo ti kọ ọ́.