Ta Ló Ní Ọmọbìnrin Ò Gbọdọ̀ Kọ́ Jùdó?

Ọ̀rọ̀ mi lónìí gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Voice note kan ń lọ káàkiri láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó ṣe é ní kí àwọn òbí lọ yọ ọmọbìnrin wọn kúrò nínú jùdó àti kàráté. Ó ní ọmọbìnrin tó bá kọ́ ìjà yóò ya aláìgbọràn, pé tó bá délé ọkọ, ọkọ ni yóò máa nà. Ó ní àgbàlagbà tó bá ń bá wọn lọ́wọ́ sí irú eré bẹ́ẹ̀ kò mọ ọjọ́ orí ara rẹ̀. Mo gbọ́ ọ dé òpin. Ọjọ́ kẹta rẹ̀, ìyá kan ládùúgbò wa yọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kúrò níbi tó ti ń kọ́ jùdó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Irọ́ ni voice note yẹn, irọ́ tó ń pani lára sì ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fi hàn mí, ìyẹn ìṣubú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ẹni mẹ́ta tó ti pé ọdún 65, bí ẹnì kan ló máa ń ṣubú lọ́dọọdún. Màmá kan wà tí mo máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wọ́n ní kó má gbálẹ̀ mọ́, kó má fa omi mọ́, kó má lọ sọ́jà mọ́, kó kàn jókòó kó máa wo tẹlifíṣọ̀n. Ọdún méjì ló fi jókòó. Ẹsẹ̀ tí a ò bá lò, iṣan rẹ̀ á máa joro ni. Lóru ọjọ́ kan tó fẹ́ lọ tọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Màmá ò rìn mọ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é fún un o.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ ní jùdó? Kì í ṣe bí a ṣe ń dá ẹlòmíràn. Bí a ṣe ń ṣubú ni. Wọ́n á kọ́ ọ pé kó fa àgbọ̀n mọ́ àyà kí ìpàkọ́ má baà kanlẹ̀. Kó má na ọwọ́ gbọọrọ sílẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni ọrùn ọwọ́ ṣe ń ṣẹ́. Kó fi gbogbo apá gbá ẹní tó nípọn tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, kó sì yí, kí agbára ìṣubú náà tàn ká ara, kó má kó jọ sójú kan. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn nìkan. Ẹni tó bá sì ti ń ṣe é fún ogún, ọgbọ̀n ọdún, ara rẹ̀ kì í tètè gbàgbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ dán èyí wò lórí sìmẹ́ńtì nílé.

Obìnrin ará Japan kan wà tó ń jẹ́ Keiko Fukuda, tí wọ́n bí ní 1913. Bàbá bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́ Jigoro Kano ní ìjà àtijọ́ ilẹ̀ wọn. Kano yìí ló dá jùdó sílẹ̀ ní 1882. Òun fúnra rẹ̀ kò síngbọnlẹ̀, àwọn tó jù ú lọ sì máa ń fìyà jẹ ẹ́ nílé ìwé. Òun ló pe Fukuda pé kó wá kọ́ jùdó, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1935. Obìnrin yìí kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó ń kọ́ àwọn obìnrin ní San Francisco, ó sì ń kọ́ni títí ó fi lé ní ẹni 90 ọdún. Ní 2011, nígbà tó di ẹni ọdún 98, àjọ USA Judo fún un ní ipò kẹwàá, èyí tó ga jù lọ. Kò sí obìnrin tó gbà á rí ṣáájú rẹ̀. Ọmọ ọdún 99 ni nígbà tó kú.

Mo ti mọ ohun tí ẹ máa bi mí: ṣé ó lọ́kọ? Rárá, kò lọ́kọ, mi ò sì ní fi pamọ́ fún yín. Nígbà tiwọn, bó bá wọlé ọkọ, àfi kó fi jùdó sílẹ̀. Ó yan jùdó. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó yan ọ̀kan? Ṣé jùdó ni? Ènìyàn ni. Irú àwọn ènìyàn tó ní obìnrin ò gbọdọ̀ kọjá ipò karùn-ún náà ni, tí wọ́n fi dá a dúró síbẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún, títí di 1972. Irú wọn ló ṣe voice note yìí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìjàkadì jẹ́ àjèjì sí wa. A ní ẹkẹ, a ní gídígbò. Ẹni tó bá mọ oríkì Ọ̀fà mọ ibi tí wọ́n gbé ìjàkadì sí níbẹ̀. Lóde òní ńkọ́? Ọdúnayọ̀ Adékúoròyè, obìnrin bíi tiwa, gba góòlù ìjàkadì ní Ìdíje Commonwealth ní 2014, ní 2018 àti ní 2022.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ilé ọkọ, torí ibẹ̀ ni irọ́ náà ti wúwo jù. Kò sẹ́ni tó lè dá kọ́ jùdó. Ara ẹnìkejì rẹ lo fi ń kọ́ ọ, o ó tẹrí ba fún un kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, o ó tún tẹrí ba nígbà tí ẹ bá parí. Kano fi lélẹ̀ pé èmi àti ẹnìkejì mi la jọ gbọ́dọ̀ jàǹfààní. Bí o bá sì di ẹnì kan mú, tó fi ọwọ́ lù ọ́ lára tàbí tó lu ilẹ̀ pẹ́pẹ́, o gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sí àlàyé, kò sí "ìwọ lo fà á". Ọmọkùnrin tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọmọ ọdún méje títí ó fi pé ọgbọ̀n, ẹ ṣírò iye ìgbà tí wọ́n ti sọ fún un pé ó tó, tó sì jọ̀wọ́ ọwọ́. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ máa ń bá wọn parí ìjà ilé, àwọn tó ń na ìyàwó wọn yẹn, ta ló kọ́ wọn nírú ẹ̀kọ́ yìí rí? Àwọn obìnrin tí mo ti fọ ojú egbò wọn, ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ ibi tí ọwọ́ ti ń dúró ni wọ́n ti ń bọ̀.

Mi ò sọ pé gbogbo olùkọ́ ló dára o. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé igbe àti ẹgba nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹ lọ jókòó, kí ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ. Olùkọ́ tí kò bá fẹ́ kí òbí wo òun, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin àgbà, mi ò ní kẹ́nikẹ́ni máa dá yín lulẹ̀. Tai chi wà, ìjà àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń ṣe jẹ́jẹ́, tí èèyàn ń gbé ìwúwo ara láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ti dán an wò lára àwọn àgbàlagbà lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ń dín ìṣubú kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni tó ti pé ọdún 65 máa ṣe ìdárayá tó ń mú ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin ní ọjọ́ mẹ́ta, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ nílé. Ẹ di ẹ̀yìn àga tó wúwo mú, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kan, kí ẹ ka ení dé ẹ̀wá, kí ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀. Ẹ máa dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í. Kí ẹnì kan dúró tì yín. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ jókòó. Ẹni tí egungun rẹ̀ ti ṣẹ́ rí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó kọ́kọ́ bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà sọ̀rọ̀, kó má sì torí ìdárayá dá oògùn rẹ̀ dúró.

Ní ti ọmọ ọdún mẹ́tàlá yẹn, mo ti lọ bá ìyá rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ní ọmọ náà ò bá òun sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ òun ló ní kí òun yọ ọ́, ojú wọn lòun ń wò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ náà lẹ̀ ń ka èyí. Sátidé ni wọ́n tún máa kọ́ ọ. Ẹ pè é kó tó di ọjọ́ náà.